Eré Àsápajúdé Láàrin Àjàṣẹ́ àti Ígólò: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìdáhùn Tó Wà Nílẹ̀

Ọ̀nà ọlọ́dà tó kúrò ní Àjàṣẹ́, tó gba Avrankou kọjá, tó forí lé Ìfọ̀nyìn títí dé ẹnubodè Ígólò, wà lára àwọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í dá lórí wọn ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Ìdí-Ìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà ní òdìkejì ẹnubodè náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn tó ń gbé ní kọmúùnù Avrankou nìkan ti lé ní 120,000. Ọ̀nà kan náà ni ọmọ iléèwé ń rìn lẹ́bàá rẹ̀, tí ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ sí etí rẹ̀, tí zẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà ilẹ̀ Benin, fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, tí onífàyàwọ́ fi ń kó epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo wọlé. Níbẹ̀ náà ni ọ̀dọ́ tó ra alùpùpù tuntun ti lè fẹ́ fi han ẹgbẹ́ rẹ̀ pé tòun ló yára jù.

Kí ni kí a ṣe sí eré àsápajúdé lórí irú ọ̀nà yìí, pàápàá ìdíje eré tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn kan ní kí òfin le sí i, àwọn kan ní kí a tún ọ̀nà ṣe. Àwọn kan ní kí a fún ọ̀dọ́ ní pápá, àwọn kan ní ebi ló ń lé wọn. Àwọn mìíràn gbà pé àwùjọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Èrò àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àríyànjiyàn náà wáyé nítorí pé kì í ṣe eré kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo ìdáhùn kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé àti ibi tó ti kùnà.

Oríṣi eré mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni eré ìdíje. Ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á fohùn ṣọ̀kan láti wo ẹni tí yóò ṣíwájú, tàbí kí wọ́n máa gbé táyà iwájú sókè, kí wọ́n máa fì sọ́tùn-ún sósì níwájú èrò ìwòran. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àsìkò ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni irú rẹ̀ máa ń wọ́pọ̀, nígbà tí ọ̀wọ́ alùpùpù bá ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ìkejì ni eré oúnjẹ òòjọ́. Zẹ́mìjàn tó ń fi alùpùpù olówó ṣiṣẹ́ ní iye kan tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ àfi tó bá gbé èrò púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni awakọ̀ tákísí tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ du èrò ní ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìdíje, síbẹ̀ ìdíje ni.

Ìkẹta ni eré ìsálọ. Ẹni tó di bídọ́ọ̀nù epo fàyàwọ́ yí alùpùpù ká ń sá fún aṣọ́bodè, ó sì ń wá bí òun á ṣe tètè dé ọjà kí ẹlòmíràn tó dé. Òun kò wá ìyìn ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ojú má rí òun.

Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹni tí wọ́n bá kọlù. Ṣùgbọ́n ohun tó lè dá ẹni àkọ́kọ́ dúró lè má mi ẹnì kẹta rárá.

Ohun tí gbogbo wọn gbà: ewu náà

Kò sí àríyànjiyàn lórí ohun tí eré ń ṣe sí ara èèyàn. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún, àti pé òun ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ìdá 92 nínú 100 àwọn tó ń kú wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìdá 60 péré nínú ọkọ̀ ayé ló wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń sáré 100 ń jẹ nǹkan bíi mítà 28. Kí ojú tó rí ọmọ tó bọ́ sójú títì, kí ọwọ́ tó dé bíréèkì, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nígbà yẹn. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí eré àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú 100 lé sí i, ewu ìjàm̀bá tó ń pani á fi ìdá mẹ́rin nínú 100 lé sí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ fi iwájú gbá nígbà tó ń sáré 65 wà nínú ewu ikú ní ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ju ẹni tí ọkọ̀ tó ń sáré 50 gbá lọ.

Ní Avrankou, níbi tí alùpùpù ti pọ̀ ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ewu náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí irin tó bo alùpùpù. Orí àti egungun ẹni tó gùn ún ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé kásìkì tó dára ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n kásìkì kò lè ṣe ohunkóhun fún ìyá tó ń ta àkàrà létí títì. Ní ti ẹni tó ru kpayo, ohun tó dì sẹ́yìn lè di iná mọ́ òun àti ẹni tó bá kọlù lára. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi tí wọ́n kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó sì pa èèyàn tó lé ní 30. Ibi ìkóǹkansí ni iná yẹn ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lójú eré, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ irú ẹrù tó ń fi eré gba àárín abúlé kọjá.

Ohun tí òfin ti wí

Ẹni tó bá fi eré pààyàn lè jẹ́jọ́ lọ́nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Òfin ìwà ọ̀daràn Benin, nọ́ńbà 2018-16 ti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2018, tẹ̀ lé ìlànà tí orílẹ̀-èdè náà jogún lọ́dọ̀ Faransé: ó ya ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó pààyàn nítorí àìbìkítà tàbí nítorí pé ó tàpá sí òfin. Kìlómítà 50 ni gbèdéke eré láàrin ìlú. Ẹni tó ń díje láàrin Atchoukpa tàbí Kouti ní Avrankou ti rú òfin kí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣòro fún un láti sọ níwájú adájọ́ pé àjálù ni. Ẹni tó ṣètò ìdíje náà tàbí tó fi ohun èlò ràn án lọ́wọ́ lè bá a pín nínú ẹ̀sùn, torí pé ìlànà òfin yìí kò dá alábàápín sí.

Ìkejì ni ẹjọ́ aráàlú. Lábẹ́ òfin aráàlú tí Benin jogún, òbí ló ń dáhùn fún ọmọ tí kò tíì dàgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ohun kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló sì ń dáhùn fún ìpalára tí ohun náà bá ṣe. Baba tó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 15 lè máa san gbèsè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìkẹta ni ti ìbánigbófò. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn ìbánigbófò CIMA ní Yaoundé ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1992, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Òfin CIMA sọ ìbánigbófò ọkọ̀ di dandan, ṣùgbọ́n ó fàyè gba iléeṣẹ́ ìbánigbófò láti yọ ìpalára tó bá wáyé nínú ìdíje tó yẹ kó gba àṣẹ ìjọba kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san. Ọ̀dọ́ tó rò pé ìwé ìbánigbófò á gba òun lè wá rí i pé òun nìkan ni òun ṣẹ́kù.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe òfin tó dojú kọ ìdíje ojú pópó gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1988 lórí ọkọ̀ mú ẹni tó díje àti ẹni tó ṣètò rẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2022, ẹni tó fi ìwakọ̀ eléwu pààyàn lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Faransé ṣe òfin kan ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 2018 tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti owó ìtanràn 15,000 yúrò de ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ dárà eléwu lójú pópó. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ya ìpànìyàn ojú pópó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Jámánì sọ ìdíje fúnra rẹ̀ di ọ̀daràn ní 2017, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì bí kò bá tilẹ̀ sẹ́ni tó fara pa, àti ọdún mẹ́wàá bí ẹ̀mí bá bọ́. Ní Nàìjíríà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, ló ń mú ẹni tó bá sáré kọjá ààlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọkọ̀ akérò ní 2016 láti de ohun tó ń dín eré kù mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Àwọn tó ní kí òfin le sí i

Àwọn yìí ní ọ̀dọ́ kò bẹ̀rù nítorí pé kò sóhun tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Tó bá mọ̀ pé wọ́n á gba alùpùpù náà lójú ẹsẹ̀, tó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún ní òfin tó le ń bọ̀wọ̀ fún òkú: ó ń sọ fún ẹbí pé ẹ̀mí èèyàn wọn kì í ṣe ohun tí a fi owó tásẹ́rẹ́ gbà.

Ẹ̀rí tó dára jù lọ́wọ́ wọn ti Kánádà wá. Ìpínlẹ̀ Ontario ṣe òfin kan ní 2007 tó jẹ́ kí ọlọ́pàá gba ọkọ̀ ẹni tó bá díje, tàbí tó fi kìlómítà 50 kọjá gbèdéke, fún ọjọ́ méje lójú ẹsẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí rí i lẹ́yìn náà pé eré àṣejù dín kù láàrin àwọn ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ìyára àti ìdánilójú ìjìyà náà, ju bó ṣe wúwo tó lọ. Láti 1764 ni Cesare Beccaria ará Ítálì ti kọ ọ́ pé ìjìyà kékeré tó dájú ń dẹ́rù bani ju ìjìyà ńlá tí èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Faransé, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òfin 2018, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ṣì ń pàṣẹ fún àwọn ọlọ́pàá ní oṣù Kẹjọ 2022 kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò 10,000 láàrin oṣù kan nítorí ìwà náà. Ní Èkó, ìjọba lé ọlọ́kadà kúrò lójú ọ̀nà 475 ní 2012, wọ́n tún mú un gbòòrò sí i ní 2020 àti 2022, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò kú. Ó ṣí lọ sí ibi tí ọwọ́ òfin kò tíì dé.

Àléébù mìíràn ń bẹ. Lílé ẹni tó ń sáré jẹ́ eré mìíràn. Tí ọlọ́pàá bá lé alùpùpù gba àárín ọjà, aláìṣẹ̀ ló wà láàrin. Bí owó ìtanràn bá sì ṣe ń ga sí i ni àǹfààní àtigba rìbá ń ga sí i, níbi tí ẹ̀rọ kò bá sí láti jẹ́rìí. Ní ti eré ìsálọ, òfin ló fa sísá náà látìbẹ̀rẹ̀. Bí ìjìyà fàyàwọ́ bá le sí i, onítọ̀hún lè tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Àwọn tó ní kí a tún ọ̀nà ṣe

Ìhà kejì kò fẹ́ gbára lé ìwà ẹnikẹ́ni. Èèyàn á máa ṣàṣìṣe, wọ́n ní. Nítorí náà kí ọ̀nà fúnra rẹ̀ kọ eré. Kí gegele wà níwájú iléèwé àti ọjà, kí wọ́n fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà tó dá dúró, kí oríta di ibi tí ọkọ̀ kò lè là kọjá láìrọra.

Ẹ̀rí wọn sún mọ́ wa. Ní oríta Suhum, lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi ní Gánà, wọ́n fi ìlà gegele kéékèèké tó ń gbo ọkọ̀ sójú títì. Láàrin oṣù Kìíní 2000 sí oṣù Kẹrin 2001, ìjàm̀bá dín kù ní ìdá 35 nínú 100, iye àwọn tó kú dín kù ní nǹkan bí ìdá 55, ti àwọn tó fara pa gidigidi sì dín kù ní ìdá 76. Owó tí wọ́n ná kò tó nǹkan, kò sì sí ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ lóru. Agbára ìhà yìí ni pé kò béèrè irú eré tó jẹ́: olùdíje, zẹ́mìjàn àti onífàyàwọ́, gbogbo wọn ni gegele ń bá wí.

Síbẹ̀, alùpùpù máa ń rí ẹ̀gbẹ́ kan gbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gbà, àfi tí gegele bá kan etí méjèèjì. Gegele tí kò ní ọ̀dà funfun tàbí àmì lè pa ẹni tó bá a pàdé lóru, ó sì ń dá ọkọ̀ tó gbé aláìsàn lọ sí Àjàṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń sá fún aṣọ́bodè lè yà sí ọ̀nà eléruku tó gba oko, kó wá máa fi eré yẹn gba àwọn abúlé tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó korò: ọ̀nà tí aráàlú bẹ ìjọba fún ọdún pípẹ́ láti da ọ̀dà sí ló ń sọ eré di ohun tó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ̀nà gbọ́dọ̀ ronú sí eré tó máa wáyé lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tó ń ronú sí ọ̀dà.

Àwọn tó ní kí a fún ọ̀dọ́ ní pápá

Ìhà kẹta gbà pé ìfẹ́ eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó burú ni ibi tí wọ́n ti ń sá a. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń díje lójú títì lọ sí pápá tó ní òfin, ẹgbẹ́ náà sì dàgbà di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nínú irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àṣà yíyí ọkọ̀ po tó ti Soweto jáde ní àwọn ọdún 1980, tó so mọ́ ìsìnkú àwọn jàǹdùkú, di eré ìdárayá tí àjọ eré ọkọ̀ orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní 2014. Ohun tó jẹ́ ìtìjú lánàá wá ní pápá, adájọ́ eré àti ẹni tí yóò wo ọgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ tì wọ́n lẹ́yìn dé àyè kan. Ní 2005, Gardner àti Steinberg tẹ ìwádìí kan jáde tó fi eré ìwakọ̀ orí kọ̀ǹpútà dán àwọn èèyàn wò. Àwọn ọ̀dọ́ gba ewu púpọ̀ sí i nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń wò wọ́n; àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ojú ẹgbẹ́ ni epo tó ń mú iná eré ìdíje jó. Tí a bá lè gbé ojú yẹn lọ sí pápá, eré á tẹ̀ lé e. Avrankou kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀dọ́ kò mọ ẹgbẹ́ eré ìdárayá: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Avrankou Omnisport ti gbé orúkọ ìlú náà dé ìdíje orílẹ̀-èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jó rẹ̀yìn ni owó àti ìjìnnà. Pápá eré ọkọ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ, ìbánigbófò, oníṣègùn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ilẹ̀ sì wọ́n ní agbègbè tí ilé àti oko ti fún mọ́ra. Tó bá jẹ́ Kútọnu nìkan ni pápá náà wà, ẹni tó wà ní Gbozoumè ní Avrankou á ṣì rí títì iwájú ilé rẹ̀ nítòsí. Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé pápá lè ṣí ìfẹ́ eré lójú ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀, kó wá gbé e padà sí títì. Zẹ́mìjàn àti onífàyàwọ́ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú pápá.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ajé ni gbòǹgbò

Ìhà kẹrin ní a kò lè bá ẹni tí ebi ń lé sọ̀rọ̀ sùúrù. Wọ́n ní owó tí zẹ́mìjàn ń jíṣẹ́ lójúmọ́ ló ń wa alùpùpù náà, ìyàtọ̀ iye owó epo láàrin orílẹ̀-èdè méjì ló sì ń wa ti onífàyàwọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹnubodè láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn fún ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019. Ìdí-Ìrókò kò gba àṣẹ àtiṣí padà títí di oṣù Kẹrin 2022. Fàyàwọ́ kò dúró ní gbogbo àkókò yẹn, ó kàn gba inú igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, jálá epo fò láti nǹkan bíi náírà 190 sí ohun tó lé ní 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, kpayo náà sì gbówó lórí. Ìkéde kan lórí owó mi òwò náà ju ẹnubodè tí wọ́n fi irin tì lọ.

Nítorí náà, àwọn tó wà ní ìhà yìí dábàá pé kí zẹ́mìjàn lè ra alùpùpù tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò owó ojúmọ́ tí kò láàánú, kí iléepo tó tọ́ wà ní àwọn abúlé, kí ọ̀dọ́ tó ń kó kpayo rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Agbára èrò wọn ni pé ó dé gbòǹgbò eré oríṣi méjì nínú mẹ́ta.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá pa lọ́la kò lè dúró de ètò ọrọ̀ ajé ọdún mẹ́wàá. Ó tún lè di àwíjàre: òṣì kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta ayò, ọ̀pọ̀ zẹ́mìjàn tí owó ń há mọ́ ló sì ń rọra wa alùpùpù wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Eré ìdíje, tí ọmọ olówó máa ń wà nínú rẹ̀ dáadáa, kò sì wọ inú àlàyé yìí.

Àwọn tó ní kí àwùjọ sọ̀rọ̀

Ìhà karùn-ún gbà pé ojú àwọn èèyàn ń ká ìwà kò ju ojú ọlọ́pàá lọ. Ẹ̀rí wọn ti Kẹ́ńyà wá. James Habyarimana àti William Jack lẹ ìwé kékeré mọ́ inú àwọn bọ́ọ̀sì matatu, tó ń rọ èrò pé kí wọ́n bá awakọ̀ tó ń wa ìwàkuwà wí. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, iye ìgbà tí àwọn ọkọ̀ náà béèrè owó ìbánigbófò dín kù ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nínú ìwádìí tó gbòòrò sí i tó jáde ní 2015, ó dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìwé pélébé lásán ló fún èrò ní ẹnu.

Ní ilẹ̀ wa, ẹnu wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọba, baálé, àwọn àgbà ìdílé, ìmáàmù, pásítọ̀ àti àwọn onísìn ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ìgbà tí eré ìdíje máa ń wọ́pọ̀. Tí àwọn ẹbí bá pinnu pé kò sí alùpùpù tó máa dárà tẹ̀ lé òkú àwọn, ìpinnu yẹn lè lágbára ju ìwé ọlọ́pàá lọ. Ẹgbẹ́ zẹ́mìjàn náà lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wí. Àwọn tó ń bọ Ògún mọ̀ pé òrìṣà tó ni irin náà ló kórìíra èké àti àìṣòótọ́. Ẹni tó fi irin rẹ̀ ṣeré pa aláìṣẹ̀ kò lè fi ajá bíbọ nìkan wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwùjọ kan náà tó lè báni wí ló ń pàtẹ́wọ́ létí títì nígbà tí ọmọ ń gbé táyà sókè. Èrò inú bọ́ọ̀sì pọ̀, wọ́n lè gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Èrò ẹ̀yìn zẹ́mìjàn dá wà, eré ìdíje sì máa ń wáyé láìsí èrò kankan lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi gbogbo ìjàm̀bá ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀tá, ẹni tó sáré náà á bọ́ nínú ẹ̀bi, ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ikú náà kọ́ni á sì sọnù.

Bí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n kan náà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Pápá àti ohùn àgbà bá eré ìdíje mu jù, nítorí ojú ẹgbẹ́ ló ń bọ́ ọ. Ètò ọrọ̀ ajé bá eré oúnjẹ òòjọ́ mu, pẹ̀lú èrò tó mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí wọ́n rọra. Eré ìsálọ kò ṣeé yanjú láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀ epo fúnra rẹ̀. Títún ọ̀nà ṣe nìkan ló kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ṣíwájú. Òfin ń bẹ lẹ́yìn gbogbo wọn: àwọn yòókù kò lè rọ́pò rẹ̀, òun náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn fún wọn. Ibi tó ti lágbára jù ni ibi tí ìjìyà bá ti yá tó sì dájú.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ààlà láàrin àìbìkítà àti àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ní oṣù Kejì 2016, ọkùnrin méjì díje ní òpópónà Kurfürstendamm ní Berlin, wọ́n sì pa ẹni ọdún 69 kan nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ní 2017 ilé-ẹjọ́ pè é ní ìpànìyàn àmọ̀ọ́mọ̀. Ní 2018 ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé e. Wọ́n tún un gbọ́, wọ́n sì tún dá wọn lẹ́bi. Ní 2020 ilé-ẹjọ́ gíga fọwọ́ sí i fún ẹni tó kọlu olóògbé, ó dá ti èkejì padà. Bí orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ bá fi ọdún mẹ́rin jà lórí rẹ̀, ìbéèrè náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ wa pẹ̀lú: ṣé ẹni tó mọ̀ pé òun lè pààyàn, tó sì ń sáré lọ, kò ti yàn án?

Ìkejì ni owó gbà-má-bínú. CIMA ń fi owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe òdiwọ̀n ohun tí ẹbí olóògbé lè gbà. Ní Benin, owó yẹn di 52,000 fáráǹkì CFA ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023, láti 40,000. Òdiwọ̀n náà ń jẹ́ kí ìbánigbófò má kọjá agbára iléeṣẹ́. Ó tún ń fi gbèdéke sí iye tí ẹ̀mí ọ̀dọ́ kan lè tó. Kò tíì sí àdéhùn lórí èyí tó yẹ kó borí.

Ìkẹta ni ti pápá: bóyá ó ń kó eré kúrò lójú títì ni, tàbí ó ń fi kún iye àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìdáhùn lè yàtọ̀ láti ìlú ńlá sí kọmúùnù bíi Avrankou, níbi tí ojú títì kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2018 ni Benin ti so ọlọ́pàá àti jàǹdámù pọ̀ di Police Républicaine, tó wà lábẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè. Kọmúùnù ló mọ oríta tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, àwọn aṣọ́bodè ló ń lé epo, àwọn ẹbí ló ń ra alùpùpù. Kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ yìí ṣe nínú wọn.

Ìkarùn-ún ni kíkà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjàm̀bá máa ń kó olùdíje, zẹ́mìjàn tó ń kánjú àti ẹni tó ń sá fún aṣọ́bodè pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, eré àṣejù. Títí wọ́n á fi yà wọ́n sọ́tọ̀, olúkúlùkù ìhà á máa fi iye kan náà ti èrò tirẹ̀ lẹ́yìn, owó àti agbára sì lè máa lọ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni ikú ti ń wá. Àtúnṣe yìí kò wọ́nwó, fọ́ọ̀mù tí ọlọ́pàá fi ń kọ ìjàm̀bá sílẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú ìhà márùn-ún tó ní ìdí láti takò ó.